Ìyá Tí Wọ́n Dè Mọ́ Àga

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ bí ojú. Nígbà tí ọpọlọ ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú, ó gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìyá kò mọ̀ ọ́n lọ́mọ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé oúnjẹ wá, ìyá tó bí òun ló máa ń pè é.

Kò pẹ́ tí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Bí oúnjẹ bá ti dé, á yọ̀ bọ́ kúrò lórí àga, á sì lulẹ̀. Ẹ̀rù ba ọmọ. Ó ní kí àwọn nọ́ọ̀sì fi aṣọ dè é mọ́ àga, kí eegun rẹ̀ má baà ṣẹ́. Wọ́n dè é. Kò ṣubú mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jẹun mọ́ náà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó panu dé. Ó wá ń rù lọ bí ẹni tí ikú ń pè.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá. Ìyá tẹrí ba, ó ń ti orúnkún síwájú, aṣọ ń fà á padà. Ọmọ dúró, ó ń wò ó. Ó rántí pé ìyá yìí kan náà ló máa ń gba àwo lọ́wọ́ òun ní kékeré, bí òun bá fẹ́ jẹun láìdọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Áà! Ìyá fẹ́ kúnlẹ̀ ni.

Ó tú aṣọ náà, ó tẹ́ ẹní. Òun àti nọ́ọ̀sì kan di ìyá mú lábíyá, wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí orúnkún.

“Ẹ ṣeun, Ìyá mi,” ni arúgbó náà wí fún ọmọ rẹ̀. “Á tún pọ̀ sí i o.”

Ó sì jẹun. Ó jẹ ẹ̀kọ tán, ó tún lá ewé ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ojú òun là kí ìyá òun tó kú.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo ní kí n bá ọ wá okùn tí kò ní bó bàbá rẹ lára, kí o lè fi dè é, kó má baà máa dìde jáde nílé mọ́. Mo mọ̀ pé o kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ti rẹ̀ ọ́ ni. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Wọn ò ní kí a kọ́kọ́ dè é mọ́lẹ̀ ná. Tẹ̀ lé bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kan, kí o mọ ibi tó ń lọ. Bàbá tèmi kò lè dìde mọ́. Tìrẹ ṣì ń dìde. Dúpẹ́, kí o sì fún un lọ́wọ́ mú.