Ọjọ́ Keje Tí Amọ̀nà Kò Dárúkọ

Ní ìlú Ìpàró láyé àtijọ́, bí iṣu tuntun bá ti wọlé tí ara tu àgbẹ̀, orin ló kù. Ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi ń ṣeré, àdúgbò méje ló sì ń gbàlejò, ọjọ́ kan fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Àwọn àlejò a máa ti ọ̀nà jíjìn wá, Ìpàró sì fẹ̀ débi pé ọmọ ìlú pàápàá lè ṣìnà níbẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yan olórin kan lọ́dọọdún, tí wọ́n ń pè ní amọ̀nà. Iṣẹ́ amọ̀nà ni láti kéde ibi tí eré wà, ẹni tí yóò ṣe é àti ibi tó dára láti jókòó sí, kí ó sì máa ṣáájú èrò láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ̀san rẹ̀ ni pé òun àti àdúgbò rẹ̀ ló ni ọjọ́ keje. Òun ni yóò yan ẹni tí yóò kọrin lójú ọba.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, Ajíṣafẹ́ alágídìgbo ni ipò náà kàn. Ogún ọdún ló ti ń retí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ìbá yọ̀ fún un ju Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ lọ, obìnrin náà sì yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò dénú tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà kan rí, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ohùn ní Ìpàró, Àwẹ̀ró ni wọ́n ń sọ. Òun àti Ìbídùn ni wọ́n jọ ń kọrin. Ọ̀rẹ́ láti kékeré ni wọ́n, agbo ilé kan náà ni wọ́n sì fẹ́ ọkọ sí. Àwẹ̀ró a lé orin, Ìbídùn a gbè é. Orin kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Àwẹ̀ró a ní, "Mo ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ta ló wà nílé o?" Ìbídùn a dáhùn pé, "Wọlé wá, ilé kún, àwa la wà nílé."

Ìbídùn ti kú láti ọdún mẹ́rin. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ni Àwẹ̀ró kò ti kọrin mọ́. Bí àwọn èèyàn bá bẹ̀ ẹ́, ohun kan náà ló máa ń bi wọ́n: "Ta ni yóò gbè é?" A wá fa ẹní tó ń hun mọ́ra, nítorí ẹní híhun niṣẹ́ rẹ̀, a sì máa hun ún lọ.

Ohun mìíràn tún wà tó ń dùn ún. Láràárọ̀ ni Ajíṣafẹ́ máa ń gbé àgídìgbo sórí itan, tí yóò máa fi àtàǹpàkò ta àwọn irin rẹ̀. Orin Àwẹ̀ró àti Ìbídùn yìí ló fi ń jí. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibi kan, ọwọ́ rẹ̀ a dúró, gbogbo ilé a pa lọ́lọ́, kó tó máa bá a lọ. Àwẹ̀ró gbà pé ọjọ́ orí ló ti dé, pé ọwọ́ ọkọ òun ti ń gbàgbé. Àánú rẹ̀ a ṣe é, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi ẹnu kàn án, kí ó má baà kó ìtìjú bá a.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ ìkéde, Ajíṣafẹ́ mú ọ̀pá amọ̀nà lọ́wọ́, ó dúró níwájú ààfin, gbogbo ìlú pé yí i ká.

"Ẹ̀yin ará Ìpàró, ẹ̀yin àlejò wa, ẹ tẹ́tí! Lónìí, Òkè-Ọ̀pẹ la ń lọ, gòjé ni wọn yóò ta níbẹ̀. Ẹ tètè dé o, baba tó ń ta á kì í pẹ́ẹ́ sùn, ó lè sùn lọ sórí gòjé! Lọ́la, ó di Ilé-Alágbẹ̀dẹ, níbi tí wọn yóò ti lu agogo. Ẹ má jókòó sápá ìwọ̀ oòrùn, ibẹ̀ ni èéfín ń fẹ́ sí, àfi ẹni tó bá ti ń wá àwáwí láti sunkún. Ọ̀tunla, Ìsàlẹ̀-Odò, àwọn onífèrè ń retí wa. Ọ̀nà ibẹ̀ ń yọ̀, kí àwọn oge rọra o! Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn obìnrin Ìta-Aró yóò lu igbá. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun débẹ̀, aró ni yóò wọ̀ bọ̀ wálé. Lọ́jọ́ karùn-ún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Ahùn. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ ti dùn jù, ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn yín. Lọ́jọ́ kẹfà, àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ṣàngó yóò lu sákárà. Ẹni tí eegun ẹ̀yìn bá ń dùn kó jókòó sẹ́yìn, nítorí iwájú kò ní ṣeé jókòó."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Ni Ajíṣafẹ́ bá dákẹ́.

Baba Lánihun, olórí gbogbo olórin ìlú, ń fi ìka ka àwọn ọjọ́ náà bó ti ń gbọ́ wọn. Ó gbé ìka kẹfà sókè, kò rí ohun tí yóò fi keje kà.

"Amọ̀nà," ló wí, "ẹ̀fà la gbọ́. Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà?"

"Baba, lẹ́yìn ẹ̀fà, èje ni."

"Ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ ìyẹn. Ta ni yóò kọrin níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná, Baba."

Ojú Baba Lánihun le. "Ìwọ náà kò ṣàì mọ òfin. Bí ọjọ́ keje bá dé, tí amọ̀nà kò rẹ́ni kọrin lójú kábíyèsí, a ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. A kò sì ní yan amọ̀nà láti àdúgbò yín mọ́ títí ayé."

"Mo mọ̀ ọ́n, Baba," ni Ajíṣafẹ́ wí.

Nígbà tí wọ́n délé, Àwẹ̀ró kò lè mú un mọ́ra. "Baba Tinúoyè, ta lẹ fẹ́ gbé ọjọ́ keje fún?"

Ajíṣafẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo."

"Mi ò bi yín lówe, orúkọ ni mo bi yín. Ṣé Mojísọ́lá ará Ìta-Aró ni? Ohùn ọmọ náà dára."

"Ohùn rẹ̀ dára," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí nu àgídìgbo.

Àwẹ̀ró padà sídìí ẹní. Òun ló kúkú fẹnu ara rẹ̀ pe Mojísọ́lá, òun náà ló sì pa orin tì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ìdáhùn yẹn dùn ún. Ọmọ ènìyàn ò ṣeé sọ.

Eré bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró a kó ẹní tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, a tẹ́ ẹ fún àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, bí eré bá ti ń parí, Ajíṣafẹ́ a ní, "Àwẹ̀ró, máa kó àwọn ẹní lọ sílé, mò ń bọ̀ lẹ́yìn." Àwẹ̀ró nìkan a bọ́ sọ́nà. Kò ní rìn jìnnà tí yóò fi gbọ́ ohùn èrò lẹ́yìn rẹ̀, tí wọn yóò jọ máa dún pọ̀ bí ẹni ń kọ́ nǹkan. Kì í mọ ohun tí wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbàgbé ẹní kan sí Ìta-Aró, ó sì yí padà lọ mú un. Bí wọ́n ti rí i, gbogbo èrò panu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mojísọ́lá tó dúró láàárín wọn fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àwẹ̀ró mú ẹní rẹ̀, ó ń lọ, ojú rẹ̀ kún fómi. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé gbogbo ìlú ló mọ̀, òun nìkan ni wọ́n ń fi í pamọ́ fún. Wọ́n ń kọ́ orin ọmọdébìnrin náà ní kọ̀rọ̀, àánú òun ni ò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ lójú òun. Ó ronú kan Ìbídùn. Bó bá jẹ́ pé Ìbídùn wà láyé ni, ìbá ti sọ ọ́ dẹ̀rín.

Nígbà tí eré ọjọ́ kẹfà parí, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Mi ò ní wá lọ́la. Kí ẹlòmíràn bá yín tẹ́ ẹní."

Ojú Ajíṣafẹ́ rẹ̀wẹ̀sì lójijì. Àwẹ̀ró kò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra. Ọkùnrin náà jókòó tì í.

"Àwẹ̀ró, ọjọ́ mẹ́fà ni mo ti fi ń mú gbogbo ìlú lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Ìwọ nìkan ni mò ń bẹ̀. Jọ̀wọ́, tẹ̀lé mi lọ́la. Bí o bá débẹ̀ tí o fẹ́ padà, máa padà, mi ò ní dá ọ dúró."

Nítorí ẹ̀bẹ̀ yẹn ló ṣe lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, ọba jókòó sábẹ́ igi ọdán tó wà ní àdúgbò wọn, àwọn ìjòyè yí i ká, èrò kún títí dé ẹnu ọ̀nà. Baba Lánihun dúró nítòsí ibi tí ọ̀pá amọ̀nà wà. Ajíṣafẹ́ gbé àgídìgbo sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ta á. Orin àràárọ̀ ni. Ó dé ibi tó máa ń dúró, ó dúró.

Ẹnì kankan kò jáde. Àwẹ̀ró wo Mojísọ́lá. Ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́, ó ká ọwọ́ lé itan, kò mira.

Ajíṣafẹ́ tún un ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Baba Lánihun gbé ọwọ́ lé ọ̀pá.

Nígbà tí Ajíṣafẹ́ ta á lẹ́ẹ̀kẹta, Àwẹ̀ró fi etí sí ìdákẹ́jẹ́ náà, èyí tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́rin. Láìmọ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ orin náà sì bá àyè yẹn mu régí, kò gùn jù ú, kò kúrú sí i. Ìgbà náà ló tó yé e. Kì í ṣe ọjọ́ orí. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kò gbàgbé ohunkóhun. Láràárọ̀ fún ọdún mẹ́rin ló ti ń fi àyè ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kò sì fẹnu bẹ̀ ẹ́ rí kó bọ́ sí i.

Ajíṣafẹ́ ta á lẹ́ẹ̀kẹrin. Nígbà tó dúró, Àwẹ̀ró dìde láàárín ẹní tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun.

"Mo ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ta ló wà nílé o?"

Ohùn náà ha, ó sì já lágbedeméjì. Kì í ṣe ohùn àtijọ́. Bó ti sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù bà á, nítorí ibi tí Ìbídùn ti máa ń dáhùn ló dé yìí. Ó di ojú méjèèjì.

"Wọlé wá, ilé kún, àwa la wà nílé!"

Ó lajú. Àwọn alágbẹ̀dẹ ló ń gbè é. Àwọn onífèrè Ìsàlẹ̀-Odò ń gbè é. Àwọn obìnrin Ìta-Aró, àwọn ọ̀dọ́ onísákárà, baba onígòjé tí oorun ti ń kùn, àdúgbò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló la ẹnu. Ègbè yìí ni ọkọ rẹ̀ ti fi ọjọ́ mẹ́fà kọ́ wọn, bí Àwẹ̀ró bá ti kó ẹní kọjá tán. Mojísọ́lá ló sì ń gbè é kíkankíkan jù. Àwẹ̀ró bú sẹ́kún, ó ń sunkún ó ń kọrin, wọ́n sì ń dá a lóhùn títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, Baba Lánihun fa Ajíṣafẹ́ lọ́wọ́. "Kí ló dé tí o kò fi dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkéde?"

"Baba, bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ó di dandan fún un. Mi ò fẹ́ kó di dandan."

"Bí kò bá wá dìde ńkọ́?"

"Ẹ ò bá gba ọ̀pá yín."

Baba àgbà náà wo Àwẹ̀ró tí àwọn obìnrin Ìta-Aró ń bá nu ojú, ó sì wo ogunlọ́gọ̀ èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mú ọ̀pá, ó fi lé Ajíṣafẹ́ lọ́wọ́ padà.

"Mo jókòó, mo ń ṣírò," ló wí. "Mo ka ẹ̀fà, mo sì rò pé èje péré ló kù. Àṣé mi ò mọ nǹkan kan."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí àgbà bá rí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ju bí ojú ti rí i lọ, a mi orí, a sì pa á lówe pé: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.