Okùn Tí Kì í Jà

Òwe kan wà ní Ìdí-Àpáta tó máa ń jẹ́ kí àlejò rò pé ahọ́n ẹni tó pa á ló kọsẹ̀. Wọ́n á ní, "Kò sí okùn tí kì í já, èyí tí kì í jà ni kí o rà." Àlejò á rẹ́rìn-ín músẹ́. Báwo ni já ṣe di jà lẹ́nu àgbàlagbà? Ṣé okùn ní ọwọ́ ni, àbí ó ní ìbínú, tí yóò fi bá ènìyàn jà? Àwọn ará Ìdí-Àpáta kì í bá a jiyàn. Wọ́n á fún un níjòókòó, wọ́n á sì sọ ìtàn Dọ́káàsì àti Láṣebíkan àbúrò rẹ̀ fún un.

Orí òkè ni ìlú náà wà, ìsàlẹ̀ àfonífojì ni oko kòkó wọn sì wà. Ó pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń fi orí ru kòkó gòkè, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ra alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan, irú èyí tó ń gun ẹrẹ̀ tó ń gun òkúta. Ẹ̀rọ kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wíǹṣì. Okùn máa ń wé mọ́ ọn lára bí òwú ṣe ń wé mọ́ ìrànwú. Wọn á na okùn náà dé ìsàlẹ̀, wọn á so ó mọ́ pákó gbọọrọ tí wọ́n to àpò kòkó lé, ẹ̀rọ á sì máa wé okùn padà, ẹrù á máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù, wọn á máa dì í mú kí ó má baà ṣubú.

Láṣebíkan ló ń wa ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ dáa lórí ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ sì dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dọ́káàsì ni olórí àwọn obìnrin tó ń tẹ̀ lé ẹrù. Opó ni. Jeremáyà ọkọ rẹ̀ kú sídìí iṣẹ́ gẹdú, nínú igbó kan lọ́nà jíjìn. Igi ló pa á ni gbogbo ìlú gbọ́, Dọ́káàsì kò sì fi ohunkóhun kún un. Lẹ́yìn tí Jeremáyà kú, Láṣebíkan nìkan ni mọ̀lẹ́bí tó kù fún un láyé.

Nígbà tí okùn àkọ́kọ́ gbó tán, ẹgbẹ́ rán tẹ̀gbọ́n tàbúrò lọ sí ìlú ńlá kí wọ́n lọ ra òmíràn. Bàbá Múnírù, tó ń ta ohun èlò ọkọ̀, gbé méjì síwájú wọn. Ọ̀kan jẹ́ wáyà onírin, ó ń dán, ó tutù, ó wúwo. Èkejì jẹ́ okùn ọ̀rá tí wọ́n hun, ó rọ̀, ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gbé e kọ́ èjìká lọ sóko.

Láṣebíkan béèrè pé, "Bàbá, èwo ló yi jù?"

"Méjèèjì lè fa ẹrù yín. Wáyà kì í bẹ̀rù òkúta, kì í bẹ̀rù oòrùn. Èyí ọlọ́ràá yìí ń bẹ̀rù méjèèjì. Bí òkúta bá ń ha á, ó lè já. Ṣùgbọ́n kì í jà."

Láṣebíkan bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ mú ọ̀kan o, Bàbá! Ẹ ní ó lè já, ẹ tún ní kì í já."

"N kò ní kì í já. Mo ní kì í jà."

"Okùn wo ló ń jà? Eyín yín tó yọ yẹn ló ń da ohùn yín rú. Ẹ ká wáyà fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Irin ni baba okùn!"

Bàbá Múnírù wo ojú Dọ́káàsì. Ọ̀rọ̀ náà ti yé Dọ́káàsì, ó yé e ju bó ṣe yé bàbá tó sọ ọ́ lọ. Ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n orúkọ Jeremáyà wà nínú ohun tó fẹ́ sọ, kò sì tíì dá orúkọ náà láàárín àwùjọ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Wọ́n gbé wáyà, wọ́n lọ sílé.

Kò pé oṣù méjì tí wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀gún. Fọ́nrán irin tíntìntín ń já lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gún Láṣebíkan lọ́wọ́. Ibì kan sì wà láàárín rẹ̀ tó ti ká kókó, nítorí pé wọ́n wé e gun ara rẹ̀. Láṣebíkan wá ìbọ̀wọ́ wọ̀. Ó ní, "Igi ọsàn náà lẹ́gùn-ún, ta ló torí ẹ̀ kọ ọsàn?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, wọ́n to àpò kòkó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí òjò má baà ká a mọ́ oko. Dọ́káàsì fojú tọ wáyà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó rí ibi tó ká kókó náà, ó rí i bó ti fẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ó yíjú sí àwọn obìnrin.

"Ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù. Ẹ lọ sẹ́yìn igi àràbà yẹn, gbogbo yín."

Ó ti àpò òfìfo kan bọ odò tó ń ṣàn nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó sì gun òkè lọ bá àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń ro sí i lára.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé? Ṣé ẹ ti kó àwọn obìnrin da iṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

"Sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ yìí. Bọ́tìnì tó ń mú wíǹṣì ṣiṣẹ́ ṣeé mú dání lọ sókèèrè. Mú un, kí o lọ dúró sẹ́yìn igi."

"Níṣojú àwọn ọkùnrin tó wá gba ẹrù yìí? Wọ́n ń wò mí o."

"Kí wọ́n máa wò ọ́ láàyè."

Láṣebíkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Dọ́káàsì ní, "Láṣebíkan, kì í ṣe igi ló pa Jeremáyà."

"Ẹ ní kí ni?"

"Igi kò tilẹ̀ kúrò lójú kan. Wáyà tí wọ́n fi ń fà á ló já. Ó já tán, ó padà wá, ó ń wá ẹni tí yóò bá jà, Jeremáyà ló sì bá. Èmi ni mo bẹ àwọn tó gbé e wálé kí wọ́n sọ pé igi ni. Gbogbo ayé mọ̀ pé igi ń pa agégẹdú. N kò ní agbára láti máa ṣàlàyé okùn fún àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn."

Láṣebíkan sọ̀ kalẹ̀. Ó mú bọ́tìnì dání. Dọ́káàsì gbé àpò tútù náà kọ́ wáyà lórí, bí Jeremáyà ṣe sọ fún un nígbà kan pé àwọn àgbà agégẹdú máa ń ṣe, kí ó lè wọ́ wáyà mọ́lẹ̀ bó bá já. Àwọn méjèèjì bọ́ sẹ́yìn igi. Láṣebíkan tẹ bọ́tìnì.

Ẹrù mì. Ó gbéra, ó gòkè díẹ̀, ó kọ́ òkúta. Wáyà le, ó ń ké. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn gbọ́ ìró kan bí ìró ìbọn. Àpò tútù fò sókè, ó sì fa wáyà balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta bí ẹni ń ge ilá, ó sì la ìjókòó alùpùpù náà sí méjì. Nísàlẹ̀, ẹrù yí padà sínú àfonífojì. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láṣebíkan rìn lọ síbi ìjókòó náà, ó ti ọwọ́ bọ ibi tó ya. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó ń ka ábídí, ó ń fi ohùn kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀. "Ó já," ni ó wí. "Ó sì jà."

Dọ́káàsì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ náà, bí àwọn obìnrin ti ń ṣa kòkó tó dà nù, ó sọ̀rọ̀ Jeremáyà fún wọn, ó ń dá orúkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì wúwo mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Láṣebíkan nìkan ló lọ bá Bàbá Múnírù. Bàbá ní, "Ó dà bí ẹni pé eyín mi ti hù padà?" Láṣebíkan dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó sì ra okùn ọ̀rá lọ sílé.

Wọ́n tọ́jú okùn ọ̀rá náà bí ẹyin. Wọ́n ń fi aṣọ bò ó nínú oòrùn, wọ́n sì ń fi àpò wé orí òkúta tó bá máa gbà kọjá. Ó fa kòkó ọdún náà tán, ó fa ti èkejì. Ọjọ́ tí wọ́n gbàgbé àpò orí òkúta ló já. Wọ́n fi igi há ẹrù, kò lọ jìnnà. Okùn náà wó lulẹ̀ pẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ kan sì bà lé ẹsẹ̀ Láṣebíkan bí ìrù ológbò tó ń sùn.

Obìnrin kan pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Awakọ̀, okùn rẹ ti já o!"

"Ó já," ni Láṣebíkan dáhùn, "kò jà!" Ẹ̀rín sọ. Ó tún okùn so, iṣẹ́ ń lọ.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò lórí ẹ̀rọ, tó bọ́ sínú ilé. Ọmọbìnrin kan tí ọkùnrin méjì ń fẹ́ wá bá Dọ́káàsì pé kí ó bá òun yan ọ̀kan. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ti búra pé ohunkóhun kò ní bí òun nínú láéláé.

"O ti rí i níjọ́ tí inú bí i rí?" ni Dọ́káàsì bi í.

"Rárá, mà."

"Èkejì ńkọ́?"

"Inú bí i lóṣù tó kọjá. Ó dákẹ́, ó lọ jókòó sídìí igi. Nígbà tó yá, ó padà wá bá mi sọ̀rọ̀."

Dọ́káàsì rẹ́rìn-ín. "O ti mọ èyí tí wàá yàn, o kàn fẹ́ kí n wí i ni. Kò sí okùn tí kì í já, ọmọ mi. Èyí tí kì í jà ni kí o rà."