Àkùkọ tó ń yọ ará ilé kúrò nínú gúrúùpù

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi fò pìrì, ó bà sórí Àkùkọ, ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́lé, tó sọ ara rẹ̀ di onílé.

Àwọn ẹran Abà Ìdí-Ọsàn dá gúrúùpù kan sílẹ̀ lórí fóònù. Ìdí ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kó tètè kìlọ̀ fáwọn yòókù. Wọ́n fi Àkùkọ ṣe ádímìn, ìyẹn alábòójútó gúrúùpù, torí òun ló ń tètè jí. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bú ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́, Ẹ̀gà, ọ̀rẹ́ Àkùkọ, bẹ̀rẹ̀ èébú. Ó ní irùngbọ̀n Ewúrẹ́ dà bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Ewúrẹ́ kọ̀wé pé, "Bàbá Ádímìn, òfin ńkọ́?"

Àkùkọ ní, "Ẹ̀gà ń ṣàwàdà ni. Ìwọ lò ń da abà rú!" Ó tẹ fóònù, pó! Ewúrẹ́ ti jáde.

Àgùntàn kọ̀wé pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni Ewúrẹ́ ṣe?"

"Ò ń gbèjà ọ̀daràn!" Pó! Àgùntàn ti jáde.

Pẹ́pẹ́yẹ ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwòrán ojú tó ń sunkún ló kàn fi ránṣẹ́.

"Ta lò ń sunkún fún?" Pó! Pẹ́pẹ́yẹ náà jáde.

Ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń kọrin létí odò. Ẹ bá mi gbè é:

Àkùkọ lé mi síta o,
*Pó, pòròpó!*
Mo ní kí ni mo ṣe o,
*Pó, pòròpó!*
Ó ní mo ti béèrè jù o,
*Pó, pòròpó!*
Ta ni yóò wá ké sí wọn o?
*Pó, pòròpó!*

Àwọn tó kù nínú gúrúùpù ò jẹ́ bi í ní nǹkan kan mọ́. "Ádímìn, ẹ kú iṣẹ́!" "Ádímìn, adé á pẹ́ lórí!" Ogbe Àkùkọ wú, ó pọ́n bí ata.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ lódò, ó rí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń yọ́ bọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó fa fóònù yọ, kò ríbi kọ ọ́ sí. Ó sáré, sáré, ṣùgbọ́n ta ni ò mọ irìn pẹ́pẹ́yẹ? Kó tó dé abà, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti gbé Àgbébọ̀, ìyàwó Àkùkọ, fìà! Àkùkọ wà lórí òrùlé, ó ń ka oríkì tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí i.

Ó bú sẹ́kún. "Ẹ rí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹ ò sọ fún mi!"

Ewúrẹ́ ní, "Níbo la fẹ́ sọ ọ́ sí, sà?"

Gbogbo abà pé jọ. Àwọn tó ń kí i lánàá ló kọ́kọ́ pariwo pé, "Ẹ yọ ọ́! Ẹ yọ ọ́!"

Àgùntàn ní, "Ó tì o. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná."

Àkùkọ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Mo jẹ̀bi." Wọ́n gba ipò ádímìn lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò yọ ọ́, wọ́n sì dá Ewúrẹ́, Àgùntàn àti Pẹ́pẹ́yẹ padà sínú gúrúùpù. Ẹni mẹ́ta ló ń jọ dájọ́ báyìí. Ẹni tó bá ṣẹ̀, wọn á sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, wọn á kìlọ̀, wọn á gbọ́ àwíjàre rẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún Ẹ̀gà lórí èébú rẹ̀, ó fi ọjọ́ méje panu mọ́. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé ó ṣàìsàn ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ tó wà ńbẹ̀ rèé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí wọ́n bá fi yín ṣolórí, ẹ bá ọ̀rẹ́ yín wí bí ẹ ṣe ń bá àlejò wí, ẹ má sì pe ẹni tó bi yín ní ìbéèrè ní ọ̀tá.