Òòyà tí Omi Dì Mú

Òmùwẹ̀ kan ń bẹ ní ìlú etí òkun, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan háyà rẹ̀ pé kí ó bá àwọn hú ọkọ̀ àtijọ́ kan nísàlẹ̀ òkun, ọkọ̀ tí ó rì tòun ti àwọn ẹrú inú rẹ̀. Nígbà tí ìyá gbọ́, ó ní, "Ọkọ̀ tó gbé baba ńlá mi lọ nìyẹn. Ó ń gbẹ́ òòyà lọ́wọ́ fún aya rẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un. Tòun tòòyà ni wọ́n jọ lọ."

Òfin kan ni ọ̀gá iṣẹ́ fi lélẹ̀. "Igi tó ti bá omi gbé pẹ́, inú omi ni kí ẹ gbé e sí wá. Omi náà ló kù tó dì í mú." Nínú ọpọ́n omi ni wọ́n ń kó gbogbo igi ọkọ̀ náà sí, fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó máa gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ òmùwẹ̀ ba òòyà kan nínú ẹrẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ní eyín. Ìdajì kejì ṣì jẹ́ igi lásán. Ó sunkún nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀.

Ó gbé e sínú ọpọ́n omi, ó sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́, pé ọdún mẹ́ta ni òòyà náà máa lò níbẹ̀. "Ọdún mẹ́ta kẹ̀?" ni ìyá wí. "Ṣé orí oórì mi ni ẹ ó wá gbé e lé?" Àwàdà ni ìyá ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún ọmọ lọ́kàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yọ òòyà nínú ọpọ́n láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó fi táwẹ́lì nù ún, ó sá a sí oòrùn lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀, kí ó má baà tutù lọ́wọ́ arúgbó. Ìfẹ́ ló ṣe é. Kí oòrùn tó kan àtàrí, igi ti là. Ó gbé e lé ìyá lọ́wọ́. Ìyá rọra di ọwọ́ mọ́ ọn, ó sì rún.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "erùpẹ̀ lo bù fún mi?"

Ó lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ọ̀gá kò pariwo. Ó bi í pé, "Kí ló dé tí o ò mú màmá wá? À bá ti ọwọ́ wọn bọ omi, wọn ì bá fọwọ́ ka eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Díákónì, ẹ̀yin ni mo pa òwe yìí fún. Ohun tí arábìnrin kan nínú ìjọ wa jẹ́wọ́ fún yín níkọ̀kọ̀, òtítọ́ ni. Ẹ ní ẹ ó kà á síta níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, nítorí ìfẹ́ ilé Olúwa. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n inú omijé ni ó gbé e sí wá fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá a sí oòrùn. Ẹ padà tọ̀ ọ́ lọ ní kọ̀rọ̀, kí ẹ ti ọwọ́ bọ omi.