Apá Gígùn Tí Àkànjí Fi Tépù Wọ̀n

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Nínú ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, ẹgbẹ́ tó bá gbẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ yan ọ̀dọ́ tuntun. Ẹgbẹ́ Àkànjí akọ́nimọ̀ọ́gbá ló gbẹ̀yìn, ó sì ti búra pé àwọn ò ní gbẹ̀yìn mọ́. Ó ń wá ẹni tí yóò máa sáré gba ẹ̀gbẹ́ lọ gbé ajubọ́ọ̀lù alátakò ṣubú. Ó fi tépù wọn apá ọ̀dọ́ kan, Gbádébọ̀, ó gùn gan-an, inú rẹ̀ dùn. Ó wo ọ̀dọ́ kejì, Lámídì kúkúrú, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó sáré ná,” ni Oyèkúnlé, igbákejì rẹ̀, wí. “Ẹsẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí.”

“Èyí tí afẹ́fẹ́ máa gbé lọ?”

Ó yan Gbádébọ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn mú Lámídì.

Lọ́jọ́ tí ìdíje parí, ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé; ẹni tó bá pàdánù ni yóò gbẹ̀yìn. Lámídì ń yọ́ gba abẹ́ apá àwọn géńdé kọjá, ó gbé ajubọ́ọ̀lù Àkànjí ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbádébọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àkànjí yọ tépù lápò, ó fi lé Oyèkúnlé lọ́wọ́.

“Àbúrò, bá mi gbé e pamọ́. Àwa náà la tún máa kọ́kọ́ yan ọ̀dọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.”