Ìwé Ìran Fẹlíṣíà

"Ẹni tó ń jowú ẹnu, etí ara rẹ̀ ló ń dí." Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi òwe yìí gún ara yín lára, ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, kí ẹnikẹ́ni má sì já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ìjọ aládùúrà kan wà ní abúlé apẹja létí òkun. Láti ayé àwọn àpọ́sítélì ni ìjọ Ọlọ́run ti ń dán àsọtẹ́lẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan akọ̀wé ìran. Bí Ẹ̀mí bá gbé aríran, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, kì í sì í rántí ohun tó sọ bí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀. Ìjọ á máa kọrin, akọ̀wé nìkan ni yóò kúnlẹ̀ tì í, tí yóò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn àgbà láti yẹ̀ wò.

Fẹlíṣíà ni akọ̀wé. Òun gan-an ló ṣe aríran fún ọdún mẹ́sàn-án kí Abígẹ́lì, ìyàwó káfíńtà, tó dé. Abígẹ́lì ní òjò yóò rọ̀, ó rọ̀. Ó ní àgàn yóò bímọ, ìyẹn bí ìbejì. Làwọn àgbà bá gbé ìwé àti bírò lé Fẹlíṣíà lọ́wọ́. Háà, owú ọ̀hún burú! Bí ẹnikẹ́ni bá ti kí Abígẹ́lì pé ó kú iṣẹ́ Olúwa, Fẹlíṣíà á yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, Ẹ̀mí gbé Abígẹ́lì. Ẹ̀bùnolú, ọmọ kan ṣoṣo tí Fẹlíṣíà bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọkọ̀ ìpẹja tuntun ni, ọjọ́ kejì ni yóò sì gbé e wọ òkun. Abígẹ́lì bẹ̀rẹ̀ pé, "Ọkọ̀ tuntun..." Fẹlíṣíà kọ ọ́. Ló bá sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ ò rí i? Ojú rẹ̀ ti wà lára ọkọ̀ ọmọ mi! Ó gba ipò mi, ó tún fẹ́ gba ògo ọmọ mi." Bó ṣe ki orin bọ ẹnu nìyẹn, tó ń kọ ọ́ sókè ju gbogbo ìjọ lọ kí ó má baà gbọ́ ìyókù, tó sì ń fa ìlà wúruwùru sínú ìwé kí wọ́n lè rò pé ó ń kọ̀wé.

Nígbà tí ojú Abígẹ́lì wálẹ̀, ó béèrè pé, "Màmá Ẹ̀bùn, kí ni Ẹ̀mí wí?"

"Àlàáfíà ni," Fẹlíṣíà dáhùn. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ohun kan náà ló sọ fún àwọn àgbà, wọ́n sì gbà á gbọ́ láìṣí ìwé wò.

Ẹ̀bùnolú lọ sókun láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ nìkan ni omi gbé padà, pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là.

Fẹlíṣíà gbé ìwé lọ bá olórí ìjọ, ó ń wa ẹkún mu. Baba ṣí i sí ìran ọjọ́ ìsinmi náà, ó rí ọ̀rọ̀ méjì péré àti ìlà wúruwùru.

"Kí ló tẹ̀lé 'ọkọ̀ tuntun' yìí?"

"Baba, n kò mọ̀. Orin ni mò ń kọ."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Abígẹ́lì, kò rántí nǹkan kan. Ó jókòó ti Fẹlíṣíà, wọ́n jọ ń sunkún. Bóyá "má lọ" ni o, bóyá "ẹ yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò" ni o, kò sẹ́ni tó mọ̀ títí dòní.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe náà fún ẹni tó bá kọ ìmọ̀ràn gidi nítorí pé kò fẹ́ràn ẹni tó gbà á nímọ̀ràn. Ẹni tó ń jowú ẹnu, etí ara rẹ̀ ló ń dí. Abígẹ́lì sọ tirẹ̀. Ìyá ọmọ ni kò gbọ́.