Férémù Fífúyẹ́ Inú Igbó Àjọni

Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọdẹ kan wà ní Òkè-Àlọ tí ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé, ọmọ ọdẹ, ọmọ-ọmọ ọdẹ. Òun ló kọ́ ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ ọdẹ fi ń kéde fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò bí omi bá ti ń kún lókè. Ṣùgbọ́n ìkànnì ọ̀hún wúwo bí ọlọ. Àwòrán Olúọdẹ, olórí ẹgbẹ́ náà, nínú ẹ̀wù gbérí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde, oríkì rẹ̀ a sì tẹ̀lé e tòun torin, kí ìkéde omi tó yọjú lẹ́yìn gbogbo wọn, nítorí wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ láìkí àgbà. Lọ́dún tó kọjá, omi dé. Àṣàkẹ́, àbúrò Ọdẹ́rìndé tó lọ́kọ sí Eréko ní ìsàlẹ̀ odò, di fóònù kékeré rẹ̀ mú, ó ń wo bí àwòrán náà ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀: fìlà yọ, iwájú orí yọ, ojú yọ. Kí irùngbọ̀n tó yọ, omi ti wọlé. Ó gbé ọmọ kan sá. Omi gbé èkejì lọ.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú Ọdẹ́rìndé. Nígbà tó rí i pé òjò tún ti ń ṣú, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó forí lé Igbó Àjọni, níbi tí àwọn iwin ti ń gbẹ́ férémù, ìyẹn egungun tí a ń kọ́ ìkànnì lé, tí wọn kì í gbowó rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Bó ṣe wọ igbó náà báyìí, ìkànnì inú fóònù rẹ̀ di ẹrù gidi, ó gúnwà sí i lórí, ọrùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ èjìká.

Iwin sísanra kan tí ń jẹ́ Kò-Sóhun-Tí-Kò-Sí ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. "Gbé férémù tèmi," ó wí, "yàrá wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, ibùjẹ ẹṣin pàápàá wà níbẹ̀."

"Bàbá, ṣé mo lè wo inú rẹ̀?"

"Inú rẹ̀ kò ṣeé wò."

"Bó bá wá ṣàìsàn, níbo ni n ó ti máa tọ́jú rẹ̀?" ni Ọdẹ́rìndé wí, ó sì kọjá lọ.

Iwin kejì ń jẹ́ Inú-Mi-Rèé. Ikùn rẹ̀ kò láwọ, èèyàn ń rí ẹ̀dọ̀ àti ìfun rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ó na férémù kan sí ọdẹ, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan péré. "Gbé e, kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó bá ti bàjẹ́, tún un ṣe, ṣùgbọ́n mú àtúnṣe náà wá han gbogbo wa, kí ẹlòmíràn má baà jìn sí kòtò tí ìwọ jìn sí."

Ọdẹ́rìndé gbé ẹrù rẹ̀ lé e. Férémù náà ké.

"Ta ló wà níwájú ẹrù yẹn?" ni iwin bi í.

"Olúọdẹ wa ni."

"Ṣé àwọn ni omi ń gbé lọ?"

Ọdẹ́rìndé fèsì: "Bàbá, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bí mo bá gbé àwòrán wọn kúrò níwájú, wọn ó lé mi kúrò lẹ́gbẹ́."

"Mo mọ̀. Férémù yìí kò lè gbé ìkéde àti iyì yín pọ̀. Ìwọ ni kí o yàn."

Ọdẹ́rìndé sunkún. Ó sọ àwòrán kalẹ̀, ó sọ orin kalẹ̀, ó sọ oríkì kalẹ̀, ó wá ku ọ̀rọ̀ díẹ̀: Omi ń bọ̀, ẹ gun òkè. Ó rí ibi tí ọ̀pá kan ti sán, tí ìkéde fi ń jábọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Ó fi okùn dè é, ó sì fi bó ṣe dè é han àwọn iwin, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀.

Nígbà tó délé, Olúọdẹ wo ìkànnì tuntun náà, kò rí ojú ara rẹ̀. "Ọdẹ́rìndé, èmi lo fi tẹlẹ̀," ó wí, ó sì gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Kí ó tó rí ẹni tó lè dá ti àtijọ́ padà, odò kún. Ìkéde náà ṣí ní Eréko kíákíá, lórí fóònù tó kéré jù lọ pàápàá, gbogbo wọn sì sá gun òkè.

Àṣàkẹ́ pè é láti ibẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣí wéré. Ọmọ wà lẹ́yìn mi." Ó tún bi í pé: "Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí? Ṣé ó ṣeé ṣe kó ti fúyẹ́ báyìí lọ́dún tó kọjá?"

Ọdẹ́rìndé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti fóònù létí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ń kọ́ nǹkan fún ẹni tí ewu ń lé, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ tí yóò gbà á. Férémù náà ṣì wà ní Igbó Àjọni pẹ̀lú okùn tí Ọdẹ́rìndé fi dè é, ẹnikẹ́ni lè lọ gbé e. Ẹ tètè sọ ẹrù tí kò yẹ kalẹ̀, kí ẹnì kan má baà bi yín ní ohun tí Àṣàkẹ́ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.